Ẹni Tó Ń Sé Èémí fún Àwọn Èèyàn Kéékèèké

Lọ́dún tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bí àwọn èèyàn kéékèèké inú kàtúùnù bá ti kó sódò, Ọ́ńkù, àbúrò màmá mi, náà á sé èémí ní pálọ̀ wa l'Alápẹ̀rẹ̀. Wọn ò ní mí títí ẹni ìkẹyìn á fi yọrí. Iṣẹ́ Ọ́ńkù fúnra wọn ni kí wọ́n máa mòòkùn wa yanrìn nísàlẹ̀ odò l'Agboyi. Bí mo bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, “Àtimòòkùn ò le o, àtiyọrí ló le.”

Lọ́sàn-án Sátidé kan, àwọn èèyàn kéékèèké ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ omi, èmi náà ti sé èémí, ni ọ̀rẹ́ Ọ́ńkù tí wọ́n jọ ń wa yanrìn wọlé tòun ti ṣòkòtò tútù.

“Mummy, àtàárọ̀ ló ti mòòkùn. Kò tíì yọrí.”

Nínú tẹlifíṣọ̀n, gbogbo wọn yọrí, wọ́n ń jó. Màmá mi ló gbá mi lẹ́yìn kí n tó mí.