Ọjọ́ Tó Wà Lára Àpò Olú

Wọ́n gbé olú kan síwájú Ìyá Àpò-ìwé lórí tábìlì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Orí olú náà láwọ̀ bí ewé tó ń gbẹ, ó wọ òrùka lọ́rùn, ó sì ki ẹsẹ̀ bọ inú àpò funfun kan tó bá a hù. Obìnrin náà kò tíì jókòó dáadáa tó fi sọ̀rọ̀.

"Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí, ó sì ń pààyàn. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, kó lọ fọwọ́."

Bí Ìyá Àpò-ìwé ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó ti lo ọdún méjìlélógún nínú yàrá tí wọ́n ń kó olú gbígbẹ pa mọ́ sí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Olú kọ̀ọ̀kan ló ní àpò ìwé tirẹ̀ nínú dúróà, orúkọ olú àti ọjọ́ tí wọ́n já a yóò sì wà lára àpò. Òun ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tó kàwé dé òkè òkun ń wá bi í léèrè, òun náà kì í sì í fi ìrẹ̀lẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú. "Ọwọ́ tèmi kì í ṣì," ló máa ń wí. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ bi dúróà.

Ìbẹ̀rù olú yìí ti gba ìlú. Ó ń hù lábẹ́ igi níbi tí àwọn ọmọléèwé ń gbà kọjá, ajá méjì sì ti jẹ ẹ́ kú. Ìdí irú igi kan ṣoṣo tó wá láti òkèèrè ló máa ń gbé, ìyẹn ni àwọn ìjọba ìbílẹ̀ fi ní dandan ni káwọn mọ ẹni tó kó o wọ̀lú. Ojú wọn wá lọ sára ọlọ́gbà kan, ọkùnrin ẹni àádọ́ta ọdún tó ń tọ́ igi tà. Ọdún kẹtàlélógún rèé tó ra irú igi bẹ́ẹ̀ láti òkèèrè, tòun ti iyẹ̀pẹ̀ ìdí wọn. Bó bá jẹ́ òun ló fà á, gbogbo igi ọgbà rẹ̀ ni wọn yóò dáná sun lọ́jọ́ Ẹtì.

"Màmá, kí ni dúróà wí?" Ọ̀gá rẹ̀ ló bi í, dókítà kan tí kò ju ọmọ tó lè bí lọ.

Dúróà fèsì kíá. Àpò tó pẹ́ jù tó ní irú olú yẹn nínú, ọdún méjìlélógún sẹ́yìn ni wọ́n kọ sí i lára, ìyẹn ọdún kan péré lẹ́yìn tí ọlọ́gbà kó igi rẹ̀ dé. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Dókítà tẹ ìwé ẹ̀rí, ó ku kí Màmá fọwọ́ sí i.

Ó ti mú bírò nígbà tí ojú rẹ̀ bọ́ sórí oṣù tó wà lára àpò náà. Àárín gbùngbùn ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Olú wo ló ń hù nínú ọ̀gbẹlẹ̀? Ó fa àpò tó tẹ̀ lé e, oṣù kan náà. Ó fa òmíràn, ọ̀sẹ̀ kan náà, àfi bí ẹni pé gbogbo olú ayé bá ara wọn dájọ́ ìpàdé. Ọwọ́ ta ló kọ ọ́? Ọwọ́ tirẹ̀ ni, ọwọ́ roboto ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́.

Ìgbà náà ló rántí. Ikán ti jẹ àwọn àpò àtijọ́ nígbà yẹn, wọ́n ní kó dà wọ́n kọ sára tuntun. Dípò ọjọ́ tí wọ́n já olú, ọjọ́ tó ń kọ ọ́ ló ń kọ. Nígbà tó yé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó tún ọwọ́ ṣe, àmọ́ ojú tì í láti padà sórí àwọn ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tirẹ̀ tiẹ̀ ti fi ọdún méjì lé e.

Kò fọwọ́ síwèé. Ó gba ilé lọ, ó bá ọkọ rẹ̀ ní kíṣìnì níbi tó ti ń tú ẹ̀yìn fíríìjì oníbàárà kan, ó sì rò ó fún un.

"Oṣù mẹ́ta ló kù kó o fẹ̀yìn tì," ọkọ rẹ̀ wí. "Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi mọ̀."

"Ìyẹn náà ni mò ń sọ. Ìwọ nìkan."

"Ọlọ́gbà yẹn ńkọ́, Bàbá àwọn ọmọ? Igi tó fi ogún ọdún tọ́!"

Ọkùnrin náà gbé sukudiréfà sílẹ̀. "Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Tó o bá máa sọ ọ́, má jẹ́ kí wọ́n bá ọ sọ ọ́."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti dé kí aṣọ́nà tó ṣílẹ̀kùn. Ó tú àpò tó pẹ́ jù náà. Ìwé ìròyìn tí ẹni tó já olú náà fi wé e ṣì wà nínú rẹ̀, ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Ó rọra tẹ́ ẹ. Ọdún méjìdínláàádọ́ta sẹ́yìn ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan sì ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sétí ìwé pé: abẹ́ igi tí wọ́n gbìn síwájú ibùdó rélùwéè. Ọmọ ọdún méjì ni ọlọ́gbà nígbà yẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀, gbọ̀ngàn ìpàdé ìjọba ìbílẹ̀ kún. Ọlọ́gbà jókòó níwájú, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Ìyá Àpò-ìwé dìde, ó gbé ìwé ìròyìn sórí tábìlì.

"Ọjọ́ tó wà lára àpò kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n já olú. Ọjọ́ tí mo kọ ọ́ ni. Èmi ni mo ṣì í."

Ohùn tó fi ń sọ pé ọwọ́ òun kì í ṣì náà ló fi sọ ọ́.

"Ṣé àpò kan yìí nìkan ni?" alága bi í.

"Rárá o. Igba ó lé mẹ́rìnlá. Mo ti kà wọ́n."

Dókítà fọwọ́ bojú. Ṣùgbọ́n wọ́n fagi lé iná ọjọ́ Ẹtì, wọ́n sì rán àwọn ènìyàn lọ wo àwọn igi ibùdó rélùwéè. Lẹ́nu ọ̀nà, ọlọ́gbà dì í lọ́wọ́ mú, omi lé sí i lójú. "Màmá, ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an."

"Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sun ọgbà yín."

Ó dùn ún bó ṣe ń sọ ọ́, kò sì fi pa mọ́.

Nínú yàrá olú, a kì í ya àkọlé àtijọ́ dànù. Ìwé pélébé tuntun ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí méjèèjì. Ìyá Àpò-ìwé jókòó ti dúróà àkọ́kọ́, ó ń kọ ọ́: Ọjọ́ yìí kò tọ̀nà, èmi ni mo ṣì í kọ. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún.

Dókítà yọjú. "Màmá, ẹ kàn lè kọ ọ́ pé a ti ṣàtúnṣe. Ó ti tó."

"Àwa wo?" Ìyá Àpò-ìwé fa àpò kejì jáde. "Ẹ bá mi wá gọ́ọ̀mù sí i."