Ewúrẹ́ Tí Mẹ́tìrì Cosme Fi Kó Ogun Wọ Dassa

Ẹ gbọ́ ná: ewúrẹ́ ni Mẹ́tìrì Cosme fi kó ogun wọ Dassa. Ẹni tí kò bá gbà, kí ó lọ béèrè ní Kèrè. Olùkọ́ wa ni Mẹ́tìrì; òun ló kọ́ wa nípa ohun ẹlẹ́mìí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò sì sí ìbéèrè tí ó fi gbólóhùn kan dáhùn rí láyé ẹ̀.

Lucienne, àgbẹ̀ ará Kèrè, ló fa wàhálà. Éèyi ń pa ọmọ ní Tré, nítòsí Kèrè. Wọ́n ní kí ó gbé Odette ọmọ ẹ̀ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní èyí tí ẹ̀gbọ́n Odette gbà, ara ọmọ náà gbóná mọ́jú. Ṣé ibà ni wọ́n wá ń pè ní oògùn? Ẹlòmíràn ì bá ṣàlàyé. Mẹ́tìrì kó gbogbo wa, àti Lucienne, àti ewúrẹ́ kan, gun òkè.

Ó ní orí òkè ni sẹ́ẹ̀lì, yàrá kótópó tí ara fi kọ́ ilé ẹ̀. Ewúrẹ́ ni àrùn. Théodore, ọ̀kan nínú àwa ọmọ kíláàsì, ni aṣọ́nà. Léonard ni alárinà: kì í jà, kì í sọ̀rọ̀, ó kàn ń fa aṣọ́nà àti oníṣẹ́ súnmọ́ra, bí ẹni ń bá ọkọ wá ìyàwó. Àwa yòókù ni oníṣẹ́, láfún wà lọ́wọ́ wa. Oníṣẹ́ tí wọn ò bá tíì fi láfún tẹ̀ láyà, ó ń sùn ni. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ó jí nìyẹn, á sì tẹ ẹlòmíràn. Ẹni ìkẹyìn á ké pe àwọn ọmọ ogun ara.

Ewúrẹ́ fi imú kan Théodore. Théodore di Léonard mú, Léonard fa oníṣẹ́ àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Láfún bẹ̀rẹ̀ sí fò. "Ọ̀tá ti wọlé o!" ni ẹni ìkẹyìn ké.

Háà! Ẹ̀yin ará mi, Révolution, ìjọba àwọn ológun, là ń ṣe nígbà náà. Kò tíì pẹ́ tí àwọn ajagungbowó já wọ Cotonou. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lọ́dọ̀ tiwa, ohun tí o bá gbọ́ láti òkè kejì, ìwọ náà gbọ́dọ̀ ké e síwájú. Kpingni gbọ́, Tré gbọ́. Kò pẹ́, mìlísì, àwọn ẹ̀ṣọ́ Révolution, yọ tìbọn-tàdá. Mathieu, olórí wọn, ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó bi wá pé ọ̀tá dà. Gbogbo wa nawọ́ sí ewúrẹ́.

Wọ́n de Mẹ́tìrì lókùn. Ibi tí wọ́n ti ń dè é náà ló ti ń kọ́ni lọ: ó ní òun gbàgbé láti yan ẹni tí yóò máa nu láfún kúrò, torí bí kò bá sí onítọ̀hún, ara á máa bá ara ẹ̀ jà. Ó wá yíjú sí Lucienne.

"Ìyá Odette, ṣé ẹ rí àwọn tó sáré gòkè yìí? Àwọn ni ibà."

Lucienne rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rín pòórá lójú ẹ̀. "Ẹni tó ń sáré bọ̀ wá gba ọmọ mi là ni mo ń lé?"

"Òun ni."

Ó gbé Odette lọ gba abẹ́rẹ́. Éèyi dé Kèrè lóòótọ́, ó kó ọmọ lọ lọ́tùn-ún lósì, kò mú Odette. Wọ́n tú Mẹ́tìrì sílẹ̀. Ewúrẹ́ ni a ò rí mọ́, mìlísì sì ní àwọn ò mọ nǹkan kan.

Nígbà tí Mẹ́tìrì kú, tó dùn wá wọ eegun, Odette tó ti di ìyá ọlọ́mọ ki ọwọ́ bọ inú láfún, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí pósí, ní ọ̀gangan àyà. Théodore, tí orí ẹ̀ ti hu ewú, rọra sọ pé ọ̀tá ti wọlé o, a sì rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wa. Káfíńtà mú àkísà, ó fẹ́ nu láfún náà kúrò. Lucienne di ọwọ́ ẹ̀ mú.

"Má nù ún," ó ní. "Bóyá á jí."