Ìwé Tí Kò Jẹ́ Kí N Fẹ́ Aláwò Dúdú

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin ní abúlé wa, Idigny, bí àgbàdo bá ti wọlé tán, abẹ́ igi máńgòrò la máa ń jókòó sí láti yín in. Ìyàwó olùkọ́ wa a gbé àga wá, a sì máa ka ìwé ìtàn kan fún wa. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n èdè wa ló fi ń sọ ọ́. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, láti ìgbà tó ń sáré kiri agboolé títí tó fi wọlé ọkọ. Ẹlẹ́nu dídùn kan gbé e lọ sí ìlú ńlá, ó sì sọ ọ́ di odi nínú ilé ara rẹ̀. Nígbà tó yá, ó padà sí abúlé, ó dá oko kékeré, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni pé kí n tó gba ọkùnrin, kí n wo bó ṣe ń ṣe sí ẹni tí kò lè ṣe é lóore.

Àwọn ìyá kan máa ń pòṣé sí wa. "Ìwé wo ló ń kọ́ni ní ọkọ fífẹ́?" Ẹ̀yin ọmọ mi, ọkọ àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò rẹ́rìn-ín sí wọn rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó.

Mo dàgbà tán ni ọ̀gbẹ́ni kan, ọmọ Kpankou nítòsí wa, ti Kútọnu dé láti wá fẹ́ mi. Alùpùpù tuntun ló gùn. Ó wọ awò ojú dúdú, kò sì bọ́ ọ nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Ó ń da Faransé bo màmá mi, ẹni tí kò gbọ́ ju "bọ́ńjúù" lọ, inú màmá mi sì ń dùn bí ẹni gba ọba lálejò.

Èmi àti àǹtí mi lọ kí ìyá rẹ̀. Bí àwa àti ọ̀gbẹ́ni náà ṣe jókòó síbòji ni ìyá náà ti oko dé, ẹ̀gẹ́ lórí, ẹsẹ̀ kan wú. Ọmọ rẹ̀ kò dìde.

"Ẹ mà pẹ́," ló wí. "Àwọn àlejò mi ń retí omi."

Ìyá sọ ẹrù fúnra rẹ̀, ó gbé korobá, ó tún yí padà sọ́nà kànga. Mo dìde láti gbà á.

"Jẹ́ kí wọ́n lọ," ni ọ̀gbẹ́ni wí. "Ó ti mọ́ wọn lára."

Ẹnu rẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún ìyá rẹ̀, ìdí rẹ̀ wà lórí àga. Mo gba korobá náà, mo pọn omi, mo sì bá àǹtí mi lọ sílé.

"Màmá, mi ò fẹ́ ẹ."

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ ló ń fìyà jẹ."

"Ìwé yẹn ti dà ọ́ lórí rú," ni màmá mi wí. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí iṣu tuntun fi jáde.

Àgbẹ̀ kan láti Adakplamè ni mo padà fẹ́. Mo rí i lọ́nà oko, ó ń bá arúgbó kan tí kò mọ̀ rí di igi ìdáná rẹ̀ tó tú, kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wo òun. A ò lówó. Òrùlé wa ń jò lápá kan. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń sọ̀rọ̀, ó máa ń dúró kí n sọ ọ́ tán, ìyẹn sì tó mi. Ní ti ọ̀gbẹ́ni Kútọnu, ìyàwó mẹ́ta ló ti já a sílẹ̀. Mo gbọ́, mo sì ń bá oúnjẹ mi lọ.

Ayé ti yí. Ìtàn kan ṣoṣo, ẹ ò ní sùúrù láti kà á parí, ẹ sì ń sọ pé ẹ mọ ìfẹ́. Láyé tiwa, kí ọkùnrin tó lè purọ́ fún obìnrin, ó ní láti jẹ eruku ọ̀nà wá bá a. Nísinsìnyí, yóò fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, yóò máa fi fóònù purọ́ fún obìnrin mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ní ọ̀làjú ni. Mo ti gbọ́.