Dympna àti Àwọn Orí Tó Ń Jókòó Níwájú

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ọwọ́ tí Dympna Tuohy ní, ẹ má wulẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ lọ sí Mísà ìrọ̀lẹ́ Sátidé ní ṣọ́ọ̀ṣì Kilbrannagh, kí ẹ jókòó sẹ́yìn, kí ẹ sì wo iwájú. Gbogbo orí tó wà ní ìjókòó àkọ́kọ́ àti èkejì, tí irun wọn wú rùmùrùmù tó sì dúró digbí, bí atẹ́gùn òkun tiẹ̀ ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé, Dympna ló ṣe wọ́n. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ló fi rólà ká wọn, tó tì wọ́n sábẹ́ dráyà, tó sì fín oògùn amúrunle sí wọn títí gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù fi ń wúkọ́. Òun fúnra rẹ̀ kì í jókòó síwájú. Ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, níbi tó ti lè rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Ọlọ́run nìkan ló mọ iye ìwàásù tí kò gbọ́.

Dympna kì í polówó ọjà. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní Dublin sọ fún un pé kó máa ya fọ́tò àwọn irun náà sórí fóònù kí gbogbo ayé lè rí i. Ó ní ayé tí òun fẹ́ kó rí i ti wà ní Mísà. Ohun tó fi ń yangàn ni pé òun kì í bi oníbàárà ní ohunkóhun. Ẹni tó bá ti jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó parí, kò tún ní ṣàlàyé mọ́. Ó mọ ẹni tí kò fẹ́ kí omi gbígbóná kan ọrùn. Ó mọ ìyàwó tó ń mu tíì láìsí ṣúgà níwájú ọkọ rẹ̀, tó sì ń bu ṣíbí lé ṣíbí tó bá ti dé ṣọ́ọ̀bù. Ó mọ àwọn tí kò gbọdọ̀ jókòó tira wọn nítorí ìjà ilẹ̀ tó ti wà kí wọ́n tó bí wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sì sọ nídìí abọ́ ìfọrun, omi abọ́ náà ló ń bá lọ.

"Ṣọ́ọ̀bù mìíràn á máa bi yín pé kí lẹ fẹ́," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. "Èmi ti mọ̀."

Inú àwọn oníbàárà á dùn. Ó kéré tán, ohun tó rò nìyẹn.

Nínú gbogbo orí wọ̀nyẹn, orí Concepta Geraghty ni olórí. Opó Jarlath ni, Jarlath tó ń ta ìṣó àti ọ̀dà ní ìkángun òpópónà, kó tó lọ. Obìnrin gíga ni Concepta, òun ló sì máa ń dìde ka Bíbélì ní Mísà, nítorí náà gbogbo ìjọ ló ń rí irun rẹ̀ lẹ́yìn, tí wọ́n sì tún ń rí i níwájú. Bí Concepta bá ra bàtà lónìí, irú bàtà bẹ́ẹ̀ á wọ́n nílùú lọ́la. Attracta Moran tó máa ń jókòó tì í kì í ra búrẹ́dì láìbi í léèrè, àwọn yòókù kò sì yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkàn Dympna fi balẹ̀ nígbà tí Shauna Feerick ti Manchester dé, tó ṣí ṣọ́ọ̀bù funfun báláú sí òdìkejì òpópónà. Ó tiẹ̀ gbé kéèkì lọ kí i káàbọ̀.

"Wọ́n á lọ wò ó, wọ́n á sì padà," ni Dympna sọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣọ́. Bí Concepta kò bá ti lọ, kò sí ẹni tó máa lọ.

Ní Sátidé kan, Concepta pè é lórí fóònù.

"Dympna, ọmọ dáadáa, mi ò ní lè wá lónìí o."

"Kí ló ṣẹlẹ̀, Mísíìsì Geraghty? Ṣé kò sí?"

"Ọrùn mi ni. Dókítà ní mi ò gbọdọ̀ dá a sẹ́yìn sórí abọ́."

"Dókítà wo? Hession?"

"Òun náà. Àbí èkejì rẹ̀. Dókítà ṣáà ni."

"Ẹ jẹ́ kí n gbé rólà wá bá yín nílé."

"Rárá o, má da ara ẹ láàmú. Mo fẹ́ sùn díẹ̀ ni."

Ó yẹ kí n sọ nǹkan kan nípa àwọn ará Kilbrannagh. Ènìyàn dáadáa ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò lè sọ pé "mi ò fẹ́." Bí wọn kò bá fẹ́ wá sílé rẹ, màlúù wọn ń bímọ lọ́wọ́, kódà bí wọn kò ní màlúù. Ẹni tó gbọ́ náà mọ̀ pé irọ́ ni, yóò sì béèrè àlàáfíà màlúù náà tó bá tún pàdé wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé pọ̀ láìsí ìjà. Àléébù Dympna ni pé ọ̀rọ̀ orí nìkan ló ń yé e. Ọ̀rọ̀ ẹnu, tí wọ́n bá ti sọ ọ́, ó ti gbà á gbọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, Concepta ní wọ́n fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò. Kò tiẹ̀ wá sí Mísà pàápàá láti Sátidé àkọ́kọ́. Ìjọ tó wà lábúlé kejì ló sá lọ, níbi tí Dympna kò ti ní rí orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún Dympna? Ìdààmú bá a. Ó se ọbẹ̀ adìẹ, ó gbé ìkòkò náà sẹ́nu ọ̀nà Concepta pẹ̀lú búrẹ́dì tó yan fúnra rẹ̀, ó sì rọra lọ kó má baà jí aláìsàn. Ní Sátidé, ó bi Attracta léèrè lábẹ́ dráyà.

"Ẹ rí Mísíìsì Geraghty? Báwo ni ara?"

Attracta gbé ìwé ìròyìn tó ń kà bojú. "Ó... ó ń gbìyànjú."

"Ṣé ó ń jẹun?"

"Á à, ó ń jẹun dáadáa."

"Ojú rẹ̀ ńkọ́?"

"Ojú rẹ̀ ò burú," ni Attracta sọ. "Ó ti yàtọ̀ díẹ̀ ṣá."

Ọ̀rọ̀ yìí ló ba Dympna lẹ́rù. Ó lọ bá Fadá Gilvarry, ó ní kí wọ́n fi orúkọ Concepta sínú àdúrà àwọn aláìsàn. Fadá yìí kò tíì pẹ́ nílùú, kò sì béèrè púpọ̀. Dympna ti fẹ́ lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Dublin lópin ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, gbogbo ìlú ló sì mọ̀, ṣùgbọ́n ó so ìrìn-àjò náà rọ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe àmín.

Sátidé náà ni wọ́n ń ṣe Mísà ìrántí Jarlath. Opó kò lè jẹ́ kí irú Mísà bẹ́ẹ̀ kọjá, níwọ̀n bó sì ti rò pé Dympna wà ní Dublin, Concepta fi ọkàn balẹ̀ wọlé, ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Láti ìdí òpó, Dympna rí orí àjèjì kan ní ìjókòó iwájú. Irun náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó sì bo etí méjèèjì. Inú bí i. Ta ni aláìlójútì tó lọ jókòó sí àyè aláìsàn?

Fadá gbé ìwé rẹ̀ sókè. "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà fún arábìnrin wa Concepta Geraghty, tí àìsàn ńlá dè mọ́ ibùsùn, tí àwọn dókítà ń sa gbogbo ipá wọn lórí rẹ̀."

Fadá gbójú sókè, ó rí Concepta nísàlẹ̀ imú rẹ̀, pẹ̀lú ètè tó kùn. Ó wo ìwé, ó tún wo obìnrin náà.

"Tí ara rẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run," ló sọ, "sì ti ń yá bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́."

"Olúwa, gbọ́ àdúrà wa," ni ìjọ dáhùn, èjìká wọn sì ń gbọ̀n. Kì í ṣe ẹkún ló ń gbọ̀n wọ́n.

Dympna kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ irun náà wàyí, ó mọ ẹni tó ṣe é, ó sì rántí ìkòkò ọbẹ̀. Ohun tó dùn ún jù ni pé gbogbo ìlú ti mọ̀. Ó dìde kí wọ́n tó gba Ara Olúwa, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé nínú òjò.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í dun gbogbo ìlú. Àwọn obìnrin ìjókòó iwájú ń pè é lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọrùn ń dun ẹni yìí, èjìká ń ro tọ̀hún, Attracta ní etí òun kò fẹ́ ariwo dráyà mọ́. Ojú ló ń tì wọ́n. Wọn kò mọ bí wọ́n ṣe máa wo ojú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti bá Concepta tọ́jú irọ́ náà. Dympna jókòó sórí àga oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo, ó ń ka owó iná, ó sì ń rò pé bí Sátidé méjì bá tún lọ báyìí, òun á ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù bà á gan-an. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn.

Ní Ọjọ́rú, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Concepta ni. Ó fi ìborùn bo orí, ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ lọ́wọ́, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní.

"Ọbẹ̀ yẹn dùn," ni Concepta sọ.

"Ti aláìsàn ni," ni Dympna dáhùn. "Ọrùn ńkọ́?"

"Dympna, jọ̀ọ́."

"Mo ṣáà ń kí yín ni. Mo ti gbàdúrà débi pé ó yẹ kí n mọ̀ bóyá ó gbà."

Concepta jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. "Mo kàn yà wo ṣọ́ọ̀bù Shauna ni. Mo fẹ́ wo dígí tí wọ́n ń sọ. Ọmọ yẹn wá bi mí pé, 'Kí lẹ fẹ́?' Mi ò lè dáhùn. Mo ń wo ẹnu ara mi nínú dígí, kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Omijé ló jáde, níwájú ọmọ kékeré bẹ́ẹ̀."

"Ìbéèrè lásán ló pa yín lẹ́kún?"

"Nígbà tí Jarlath kú, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló yan pósí. Àwọn ọmọ yan òkúta, Fadá tó wà nígbà yẹn yan orin. Ìwọ náà ṣe irun mi bí Jarlath ṣe fẹ́ràn ẹ̀, gàgàrà. O ò bi mí. Láti ìgbà náà, ò ń ṣe irun Jarlath sí mi lórí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Mi ò sì mọ bí mo ṣe máa sọ fún ẹ, torí inú ẹ máa ń dùn tó o bá ń ṣe é."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ohun tó ti fi ń yangàn látọjọ́ yìí náà ló lé obìnrin náà kúrò.

"Kí lẹ wá sọ fún Shauna?"

"Mo ní kó ṣe èyí tó bá wù ú. Èyí tó wù ú nìyí." Concepta tú ìborùn. "Ó burú, àbí?"

"Kò burú."

"Dympna, irọ́ tí èmi pa ti tó fún àwa méjèèjì."

"Ó burú, Mísíìsì Geraghty. Ó dà bí ẹni pé wọ́n da tíì sí yín lórí, tí ẹ ò tètè nù ún."

Concepta bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń di àga mú, Dympna náà sì bẹ̀rẹ̀ láìfẹ́. Nígbà tí ó rọlẹ̀, Dympna na ọwọ́ sí rólà, nítorí ọwọ́ náà ti mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ó dúró. Ó fi rólà sílẹ̀. Ó wo ojú Concepta nínú dígí.

"Kí lẹ fẹ́?"

"Gé e. Gé e mọ́lẹ̀ bíi ti ọmọkùnrin. Bó ṣe wà nígbà tí mo ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Liverpool, kí n tó mọ Jarlath."

Dympna ronú kan ìjókòó iwájú. Orí tó ti fi ṣe pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni wọ́n ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé yìí. Bí ìlú bá rí i, ta ló máa gbà pé òun ló ṣe é? Ó mú sáàsì, ó sì gé e.

Ní Sátidé, Concepta kò tètè wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ọrùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ sí afẹ́fẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu ló ti ń wí fún wọn. "Dympna ló gé e. Ó bi mí ohun tí mo fẹ́, mo sì sọ fún un." Ó sọ ọ́ fún Fadá, ó sọ ọ́ fún Shauna Feerick alára, ó sọ ọ́ fún ọkùnrin tó kàn wá gbé ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Ọrùn gbogbo ìlú sàn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Attracta ló kọ́kọ́ dé láàárọ̀ Sátidé. Ó jókòó, ó dá orí sẹ́yìn bó ṣe máa ń ṣe, ó di ojú, ó ń retí omi.

"Mísíìsì Moran," ni Dympna sọ, "kí lẹ fẹ́?"

Attracta la ojú. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Mo kàn ń béèrè ni."

Arúgbó náà gbé orí sókè, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí. Ó yí ojú sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì.

"Ṣé mo lè lọ rò ó ná, kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?"

"Ẹ lọ rò ó," ni Dympna sọ.

Attracta wé ìborùn rẹ̀ padà. Nírọ̀lẹ́, ó lọ sí Mísà pẹ̀lú irun tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, ó sì lọ jókòó síwájú.