Ohun Tí A Rí Lójú Aago Ará Ìwopin

Aláago ni bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́nu fèrèsé pálọ̀, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń wọlé. Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, mo ti wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè, ìsinmi ni mo wá lò nílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan wọlé, ó wọ aṣọ funfun àwọn Aláàdúrà, kò wọ bàtà. Ó ní Ìwopin lòun ti wá. Ó tú aago ọwọ́ kan jáde nínú aṣọ, ó gbé e síwájú bàbá mi.

"Aago ẹ̀gbọ́n mi ni, bàbá. Orí ọ̀sà ló kú sí, níbi tó ti ń da igi gẹdú lọ sí Èkó. Ọwọ́ rẹ̀ la ti bọ́ ọ."

Bàbá mi bá a kẹ́dùn. Ó wá gbé aago náà sétí. "Ó ń rìn dáadáa. Kí ló ṣe é?"

"Iná rẹ̀ ni, bàbá. Ọdún kẹta rèé tó ti wà nínú àpótí, oòrùn ò kàn án, àtùpà ò kàn án. Ìgbàkigbà tí mo bá ṣí àpótí náà, àwọn nọ́ńbà rẹ̀ á máa tàn bí ojú ológbò. Mo máa ń sọ lọ́kàn mi pé ẹ̀gbọ́n mi ló ń wò mí. Iná náà wá ń jó rẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀. Lóṣù tó kọjá, mo ṣí i, òkùnkùn ni mo bá."

"Ọ̀dà rẹ̀ ló ti gbó," ni bàbá mi wí. Ó mú ìgò ọ̀dà kékeré kan jáde nínú dúrọ́ọ̀, ó ki búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín bọ̀ ọ́, ó sì fẹ́ fi ètè pọ́n ẹnu búrọ́ọ̀ṣì náà kó lè ṣóńṣó, gẹ́gẹ́ bí mo ti ń rí i tó ń ṣe láti kékeré mi.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. N kò ṣe irú ẹ̀ rí.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi, ẹ má fi sẹ́nu."

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wa ti sọ fún wa pé àwọn obìnrin kan nílẹ̀ òkèèrè máa ń fi irú ọ̀dà yẹn kun ojú aago, tí wọ́n ń fi ètè pọ́n búrọ́ọ̀ṣì. Egungun àgbọ̀n wọn jẹrà mọ́ wọn lẹ́nu. Mo sọ ọ́. Bàbá mi gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè, ó sì wo ọwọ́ náà.

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

Mo sọ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Pé àwọn ará àtijọ́ kan rò pé béèyàn bá ń gé nǹkan sí méjì, sí méjì, á dé ibi tí kò ní ṣeé gé mọ́, ohun tó kù yẹn ni wọ́n pè ní átọ́ọ̀mù. Pé bẹ́ẹ̀ náà làwọn tó wá lẹ́yìn rò, wọ́n ní ó dà bí ọta líle. Ìgbà tó yá, wọ́n rí ohun tó kéré jù ú lọ tó ń jáde látinú rẹ̀. Ẹnì kan wá ta ohun tíntìntín lu góòlù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀, díẹ̀ ló ta padà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé òfìfo ló pọ̀ jù nínú átọ́ọ̀mù, kókó kékeré kan ló wà láàárín. Àwọn átọ́ọ̀mù mìíràn sì wà, bíi ti rédíọ̀mù, èròjà tó ń mú ọ̀dà yìí tàn, tó ń fọ́ fúnra wọn láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n.

"Ṣé a lè rí i bó ṣe ń fọ́?" ni ará Ìwopin bi mí. Mo ní awò lè fi hàn wá nínú òkùnkùn, torí pé ohun tó ń gba iná yẹn ló gbó, rédíọ̀mù ò tíì tán.

Àwa mẹ́ta wọ yàrá ẹrù lọ́sàn-án gangan. Mo fi ẹní dí fèrèsé. A jókòó sórí àpò gàrí títí n kò fi mọ̀ bóyá mo la ojú ni tàbí mo dì í. Mo wá há awò tí bàbá mi fi ń wo inú aago sójú, mo gbé aago tó ti ṣókùnkùn yẹn sún mọ́ ọn. Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí nǹkan. Lẹ́yìn náà, iná wẹ́wẹ́ kan ṣẹ́jú, ó kú. Òmíràn ṣẹ́jú níbòmíràn. Wọn ò dún, wọn ò sì dúró. Mo ní átọ́ọ̀mù kan ló ń fọ́ nígbà kọ̀ọ̀kan tí iná bá ṣẹ́jú.

Bàbá mi wò ó. "Subhanallah." Ó tún gbé awò náà sójú. "Èwo ló kàn láti fọ́?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀, bàbá. Wọ́n lè sọ bí èyí tó máa fọ́ ṣe máa pọ̀ tó, wọn ò lè sọ èyí tó kàn."

"Ìgbà wo ló máa tán?"

"Lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún, èyí tó máa ṣẹ́kù á ju ìdajì lọ."

Bàbá mi dìde, ó jáde. Mo ń gbọ́ ọ níta níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá, tó ń fi omi yọ ẹnu. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yẹ kó yọ ọ́. Kò dúró lẹ́ẹ̀mẹta.

Ará Ìwopin ló wò ó pẹ́ jù. Ó ń sọ nǹkan wúyẹ́wúyẹ́ sí aago náà. Níkẹyìn ó ní, "Ó ṣì wà níbẹ̀." Ó yẹ kí n sọ fún un pé kì í ṣe èèyàn. Ẹnu mi ò gbà á. Kò jẹ́ ká kùn ún mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má máa gbé e sún mọ́ ara, ó mi orí bí ẹni tó gbọ́, ó lọ.

Mo gbé ìgò ọ̀dà náà fún olùkọ́ mi. Kò sí ohun tó ṣe bàbá mi lágbọ̀n, ó sì pẹ́ láyé.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n gbé mi lọ kọ́ni lágbègbè etí omi. Mo dé Ìwopin, mo sì béèrè ọkùnrin náà. Wọ́n fi ilé kan hàn mí tí wọ́n ti kan pákó mọ́ gbogbo fèrèsé rẹ̀. Mo kanlẹ̀kùn. Ó ṣí i díẹ̀, ó sì mọ̀ mí.

"Ẹ wọlé, tíṣà," ni ó wí jẹ́jẹ́, "kẹ́ ẹ sì tètè ti ilẹ̀kùn, kí oòrùn má bàa kan ẹ̀gbọ́n mi."

Òórùn àbẹ́là tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ń jáde láti inú ilé. Mo ní ọkọ̀ ń dúró dè mí. Kò sí ọkọ̀ kankan.