Fọ́tò Tí Wọ́n Gé

Ọkùnrin tí mo fẹ́ràn, tí a jọ ń gbé ní Houston ní àárín àwọn ọdún 1980, kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹun láìya fọ́tò. Bí àwa ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin bá ti pé jọ, á gbé kámẹ́rà sórí fíríìjì, á tẹ̀ ẹ́, á sì sáré wá há ara rẹ̀ sáàárín wa. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan tí kì í lé wa, àwọn òyìnbó kan ti sọ yàrá kan di láìbúrárì, wọ́n ń kó ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ ìgbésí ayé irú wa pamọ́ síbẹ̀. Ibẹ̀ ló fẹ́ kí álíbọ́ọ̀mù rẹ̀ wà. Ó ní lọ́jọ́ kan ẹnì kan á sọ pé kò sí Yorùbá nínú irú wa, òun sì fẹ́ wà níbẹ̀ láti já olúwarẹ̀ nírọ́.

Àìsàn éèdì tó ń kó àwọn ọ̀rẹ́ wa lọ nígbà náà ló mú òun náà lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹnjiníà ní àdúgbò Westchase nínú Houston níbẹ̀, kò yọjú sí i lórí ibùsùn. Ìgbà tó kú ló tó wá, tòun tìyàwó rẹ̀, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Wọ́n da aṣọ rẹ̀ nù, ṣùgbọ́n wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́ láti ṣí álíbọ́ọ̀mù.

Ẹ sáà mọ bí ìwé ètò ìsìnkú wa ṣe ń rí. Bí fọ́tò òkú kò bá kún inú rẹ̀, wọn á ní ẹbí ò náání rẹ̀. Kò sì sí fọ́tò kankan tó jẹ́ òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n yọ sísọ́ọ̀sì nínú báàgì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e kúrò láàárín wa. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní ó ti ṣèlérí rẹ̀ fún láìbúrárì.

“Library wo?” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. “Àbúrò, o ṣeun tó o tọ́jú ẹ̀. As roommate, o gbìyànjú. Èyí tó kù, family matter ni.”

Inú bí mi. Èmi tí mo ń wẹ̀ ẹ́, tí mo ń nù ún.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí. Nínú ìwé náà, òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Àfi ọ̀kan, tí ọwọ́ kan ṣì wà léjìká rẹ̀, torí bí wọ́n bá gé e, ọrùn rẹ̀ á bá a lọ. Ọwọ́ mi ni.

Mo kó àwọn fọ́tò tó ní ihò, tí wọ́n fi sílẹ̀, lọ sí láìbúrárì, mo fi ìwé ìsìnkú náà lé wọn lórí. Ìyá òyìnbó tó ń tọ́jú ibẹ̀ béèrè bóyá ẹbí rẹ̀ kórìíra rẹ̀ ni.

“Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀,” mo dáhùn. “Àwa ni wọn ò fẹ́.”

Ó mú pẹ́ńsù, ó fi tọ́ka sí ọwọ́ tó wà léjìká rẹ̀ nínú ìwé ìsìnkú, ó ní ọwọ́ ta nìyí. Mo pe orúkọ mi fún un ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kó má baà ṣì í kọ, mo sì pe ti olólùfẹ́ mi náà, torí kò sí ibòmíràn tí ẹnikẹ́ni máa kọ méjèèjì pọ̀ sí.