Ọba Aláya Mẹ́fà àti Ìyá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ní Ìjẹ̀bú, olùkọ́ wa sọ ìtàn ọba Gẹ̀ẹ́sì kan fún wa, láti ìdílé Tudor, tó fẹ́ ìyàwó mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ náà kò yà wá lẹ́nu. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá tèmi ní. Mo nawọ́ sókè, mo ní, "Tíṣà, ta ni ìyáálé wọn?"

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín. "Kò sí ìyáálé níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá lọ ni òmíràn ń dé."

Ó ṣàlàyé pé ọba kọ ìyàwó àkọ́kọ́ sílẹ̀ nítorí pé kò bí ọmọkùnrin tó yè, ó sì ní kí wọ́n bẹ́ èkejì lórí. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ìyá mi ni mo rò. Ìyá mi ni ìyàwó kẹta nílé wa, ọmọbìnrin nìkan ló sì bí. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni bàbá mi ń dá oúnjẹ rẹ̀ padà láìfọwọ́ kàn án.

Ọmọdé kì í bi bàbá rẹ̀ nírú ìyẹn nígbà náà. Ìyáálé ni mo lọ bá, níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé.

"Ìyá Àgbà, ṣé Bàbá máa lé Màámi lọ torí pé àwa obìnrin nìkan ló bí?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọba Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe bẹ́ẹ̀, mà."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọba ọ̀hún ò ní ìyáálé nílé ni! Èmi ni mo wá ìyá rẹ rí kí bàbá rẹ tó mọ̀ ọ́n. Ta ló máa lé e? Iyọ̀ tó pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ rẹ̀ ni Bàbá ń bínú sí. Jókòó, kí o bá mi bó ẹ̀gúsí."

Ní ìrọ̀lẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló gbé oúnjẹ ìyá mi wọlé tọ bàbá mi, kò sì dìde níbẹ̀ títí bàbá mi fi jẹ ẹ́.

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní Woolwich, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín, báyìí, ṣùgbọ́n ní Sátidé mo ṣì ń ran àwọn ọmọ ìjọ wa lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ wọn ní Thamesmead nítòsí ibẹ̀. Nígbà tí a dé orí ọba yìí, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ń fọwọ́ gé ọrùn ara wọn ṣeré. Ọmọbìnrin kan, tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò nílé, dúró lẹ́yìn kíláàsì.

"Auntie, so ṣé fault baby girl yẹn ni tí king fi lé mummy ẹ̀?"

"Rárá o. Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyá. Láti ara bàbá ni ohun tó ń sọ ọmọ di ọkùnrin tàbí obìnrin ti ń wá. Ọba ò mọ̀. Àwọn ọmọbìnrin méjì tí ìyàwó kìíní àti èkejì bí, Greenwich ni wọ́n bí wọn sí, àwọn méjèèjì ló sì gorí ìtẹ́."

"Greenwich yìí? Tí bus wa ń lọ?"

"Greenwich yìí náà."

Ayé ti yí padà. Ilé tiwa kún débi pé ọmọdé kì í wá ẹni bi ní ìbéèrè tì. Lónìí, ìyá àti ọmọ nìkan ló wà nínú fúláàtì mìíràn, ìyá náà á sì ti lọ síbi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Nítorí náà, àwọn ọmọbìnrin ọba tó gorí ìtẹ́ ni mo kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ wọn báyìí, kí n tó kan àwọn ìyàwó. Bí kíláàsì bá sì parí, n kì í kánjú ti ilẹ̀kùn. Mo máa ń to àga ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bóyá ẹnìkan ṣì fẹ́ béèrè nǹkan.